Bíbẹ àwọn aláìsàn àti àwọn tí kò lè jáde nílé wò: kí la máa ṣe tí kò fi ní tú ká lẹ́yìn oṣù méjì?

Ọmọ_Ìjọ béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ilé 16 ló wà nínú ìjọ wa tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò lè wá sí ìsìn mọ́. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá ẹni méjì dúbúlẹ̀, ìyá kan ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, àwọn kan sì ń wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ń jáde. Àwa mẹ́jọ la yọ̀ǹda ara wa láti máa bẹ̀ wọ́n wò.

Mátíù 25:36 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn wa, a ò sì fẹ́ kó parí sórí ẹnu. Báwo la ṣe máa pín ara wa? Báwo ló ṣe yẹ ká pẹ́ tó lọ́dọ̀ wọn? Yàtọ̀ sí àdúrà, kí la máa ṣe tá a bá débẹ̀? Tí wọ́n bá sì tọrọ owó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fínnífínní, torí kò sí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí rí nínú wa.

Díákónì_Àgbà fèsì:

Ẹ kú ìmúra, ará wa. Orí ìṣirò ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń tú. Ẹ̀yin mẹ́jọ, tá a bá pín yín sí méjì-méjì, ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Ilé 16, mẹ́rin-mẹ́rin ló kan ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ máa dé gbogbo rẹ̀, ilé mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì ń tọ́mọ. Kò ní ju oṣù kan àbọ̀ lọ tí àwáwí á fi wọlé. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Á wá ku ilé méjì lọ́sẹ̀, ẹni tó níṣẹ́ sì lè ṣe ìyẹn fún ọdún kan láìmí hẹlẹ. Lọ́sẹ̀ tí ẹ ò bá lọ, kí ẹnì kan pè wọ́n lórí fóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Ẹ má ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú méjì-méjì tí mo wí yìí. Bẹ́ẹ̀ ni Jésù ṣe rán àwọn méjìlá jáde (Máàkù 6:7). Bí ẹnì kan bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, èkejì lè máa fọ àwo tàbí kó máa pọn omi. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn yín, ẹlẹ́rìí wà. Kí ọkùnrin má ṣe dá nìkan lọ bá obìnrin tó ń dá gbé, kí obìnrin náà má sì dá lọ bá ọkùnrin. Níbi tí ọmọdé bá wà, kí àgbàlagbà méjì wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí.

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: ọjọ́ tí ẹ lọ, àwọn tó lọ, ohun tí wọ́n ní àwọn nílò, ohun tí ẹ ṣèlérí, ọjọ́ tí ẹ tún máa padà. Ìlà kẹrin ni kí ẹ fojú sí jù. Aláìsàn kì í ní nǹkan púpọ̀ láti máa retí, nítorí náà bí ẹ bá ní "a máa bá yín wo iná tó bà jẹ́ yẹn," ojoojúmọ́ ló máa fi máa wọ̀nà. Ìlérí kékeré kan tí ẹ ò mú ṣẹ lè ba ìbẹ̀wò mẹ́wàá jẹ́. Ẹ má sì ṣe kúrò nílé ẹnikẹ́ni pẹ̀lú "a ó tún yà nígbà míì." Ẹ dá ọjọ́ kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé ńlá fún un níbi tó ti máa rí i.

Ohun kejì tó máa ń tú ẹgbẹ́ ká ni onítara kan tó gbé gbogbo rẹ̀ lérí. Jẹ́tírò ti wí fún Mósè nínú Ẹ́kísódù 18 pé yóò dá ara rẹ̀ lágara, yóò sì dá àwọn èèyàn náà lágara pẹ̀lú. Ẹ dá gbèdéke sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: oṣù mẹ́fà ni kí oníkálùkù fi ṣiṣẹ́, kó sinmi fún oṣù kan, kó wá sọ bóyá òun máa bá a lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn ìsinmi wà níwájú kì í sábà sá lọ láàárín.

Ní ti àkókò, ìṣẹ́jú 30 nínú ilé ti pọ̀ tó. Kí ẹ tó lọ, ẹ pè, kí ẹ bi wọ́n nígbà tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Aláìsàn náà lè wà nídìí ìwẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ìgbà tí oògùn rẹ̀ ń mú un sùn lẹ máa débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Onígbàgbọ́ fèsì:

Díákónì, ẹ ṣeun gan-an. Ìṣẹ́jú 30 dára fún inú ilé, àmọ́ ó ti pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó o. Aláìsàn á máa rẹ́rìn-ín sí yín, á máa fi agídí dáhùn, tí ẹ bá lọ tán ló máa tó mọ̀ pé agbára òun ti tán.

Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Kí ẹ fi ọṣẹ bo ó fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán, àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́ àti àtàǹpàkò. Bí omi ò bá sí, ẹ lo ìpara ọwọ́ tí ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ fi ra ọwọ́ títí á fi gbẹ. Bí ikọ́ tàbí ibà bá ń ṣe yín, ẹ dúró sílé. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ẹ jẹ́ kí wákàtí 48 kọjá lẹ́yìn tó ti dá. Fóònù máa ṣiṣẹ́ ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ẹ fa àga, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ wà ní ipele kan náà. Kí ẹni tó wà ní dùbúlẹ̀ máa wòkè wo èèyàn mẹ́rin tó dúró lé e lórí, ẹ̀rù ni ìyẹn.

Nípa oúnjẹ àti omi: ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láìbéèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ẹni tó ń retí iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ jẹun, torí pé bó bá bì nígbà tí wọ́n ti fún un ní oògùn oorun, èébì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, omi lásán sì lè pá a lórí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn lè ní ìwọ̀n omi tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lójúmọ́.

Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba òróró, torí pé Jákọ́bù 5:14 wà, ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń lò ó. Ẹ̀kán kékeré níwájú orí ti tó. Ẹ má fi sí ojú egbò, ẹ má fi sí imú, ẹ má sì fún un mu. Bí wọ́n bá fi páìpù gbé atẹ́gùn ọ́síjìn sí aláìsàn nímú, ẹ má fi òróró kan ojú rẹ̀ rárá, ẹ má sì tan àbẹ́là nínú yàrá náà. Níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ sí, iná kíákíá ló ń mú, òróró sì ń fún un lágbára. Ẹ gbàdúrà láìlo òróró lọ́jọ́ náà, kò dín nǹkan kan kù.

Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dá oògùn dúró láti fi hàn pé ó nígbàgbọ́. Ẹni tó ń lo oògùn gìrì tàbí ti àtọ̀gbẹ tó sì dá a dúró lójijì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìbẹ̀wò títí á fi yé e.

Olùtùnú fèsì:

Àlàáfíà fún yín o. Ohun tí ẹnu ń sọ ni mo fẹ́ fi kún un, torí pé ibẹ̀ la ti máa ń ṣe ìpalára láìmọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje tọ̀sán tòru, ẹnikẹ́ni ò sì bá a sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ (Jóòbù 2:13). Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ya ẹnu láti ṣàlàyé ìdí tí ìyà fi ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣìnà. Nítorí náà, "bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ẹ ò tíì jẹ́wọ́," "ìgbàgbọ́ yín ló kù díẹ̀," "àwọn kan wà tí tiwọn burú ju èyí lọ," ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Jésù fúnra rẹ̀ kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí afọ́jú inú Jòhánù 9. Ohun tó rọrùn láti sọ, tó sì jẹ́ òótọ́ ni: "Ó dùn wá. A wà pẹ̀lú yín." Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan máa ń gùn lára àlejò, àmọ́ ara máa ń tu aláìsàn nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó gbàdúrà, ẹ bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ ká bá yín sọ fún Ọlọ́run?" Ìdáhùn rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu. Ẹni tí ẹ rò pé ìwòsàn ló ń wá lè ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́ ló ń jẹ òun lọ́kàn. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni kí àdúrà náà jẹ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ìwé Mímọ́ kúkúrú ni kí ẹ kà: Sáàmù 23 (ẹsẹ mẹ́fà), Sáàmù 121 (ẹsẹ mẹ́jọ). Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ gan-an, mo fara mọ́ Sáàmù 88. Òkùnkùn ló fi parí, kò sì sí ìtùnú kankan ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn á mọ̀ pé Bíbélì gba irú ẹkún òun láàyè.

Fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: ìbéèrè tó lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, tàbí tó lè mi orí sí, ni kí ẹ máa bi í, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró dè é. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀ tó ń wá, ẹ má sì pariwo mọ́ ọn. Etí rẹ̀ lè má ní nǹkan kan. Fún ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà: ẹ sọ orúkọ yín bí ẹ bá ti ń wọlé, ẹ má ní "ṣé ẹ ò rántí mi ni?" Bí ó bá ń béèrè ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ fún yín. Kí ẹ sì kọrin. Ẹni tí kò dá orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ lè mọ ẹsẹ orin ìyìn mẹ́ta láti òkè délẹ̀, àwọn orin tó mọ̀ láti kékeré ni kí ẹ wá.

Ẹ gbé ìjọ lọ bá wọn pẹ̀lú. Orin tí a kọ lọ́jọ́ Àìkú, ibi tí a kà, ìkéde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin Ajẹ́rìíkú, òǹkọ̀wé Kristẹni ìgbà àtijọ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn ìsìn, àwọn díákónì máa ń gbé búrẹ́dì àti wáìnì lọ fún àwọn tí kò lè wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ yín ẹni tí ìjọ fún láṣẹ láti gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ. Ẹni tó ń tiraka láti gbé nǹkan mì, kí ẹ bi olùtọ́jú rẹ̀ léèrè ṣáájú ohun tó lè gbà.

Ọmọ_Ìjọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè méjì kù. Ìyá tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, gbogbo ìgbà tá a bá bi í pé kí la lè ṣe, "kò sí wàhálà" ló máa ń wí, ó sì hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Èkejì, bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún wa, tàbí tó bá ní ayé ti sú òun, kí la máa ṣe?

Olùtùnú fèsì:

Ìbéèrè yín ló fà á. "Kí la lè ṣe?" ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, ó ní láti ronú, kó sì tún tọrọ. Ẹ lọ pẹ̀lú ohun tó ní ojú àti ọjọ́: "Ìyá, ní Ọjọ́rú, láago méjì sí márùn-ún, àwa méjì máa jókòó ti Bàbá kí ẹ lè jáde tàbí kí ẹ sùn. Ṣé ọjọ́ náà dára?" Ìgbà méjì àkọ́kọ́, kó má jáde, kó jókòó pẹ̀lú yín kí Bàbá lè mọ̀ yín, kí ọkàn tirẹ̀ náà sì balẹ̀. Kí ó kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ fún yín: ohun tó máa ń mú Bàbá bínú, ohun tó máa ń tù ú nínú, bó ṣe ń lọ sílé ìyàgbẹ́, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ máa pè. Oògùn, kí òun fúnra rẹ̀ fún un kó tó jáde. Ẹ má fọwọ́ kan oògùn náà. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, láìyẹ̀, níye lórí fún olùtọ́jú ju àpò ẹ̀bùn lọ. Olùtọ́jú yìí gan-an ni a sì máa ń gbàgbé, torí pé ara rẹ̀ le lójú wa.

Ní ti àṣírí: ẹ má ṣe ka orúkọ àìsàn ẹnikẹ́ni jáde nínú ìsìn tàbí lórí WhatsApp ìjọ láìgba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ àdúrà lẹ fẹ́ gbà. Ẹ bi í: "Kí ni ká sọ fún ìjọ?" Bó bá ní "ẹ kàn ní mi ò dá ṣáká," ibẹ̀ ni kó mọ. Àmọ́ ẹ má ṣèlérí láéláé pé kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ayé bá ti sú ẹnì kan, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín ni?" Bíbéèrè kò ní kó èrò náà sí i lórí, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún un pé ẹnì kan sọ ọ́ jáde. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì á pe ẹbí, pásítọ̀ àti dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kó oògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Ẹ má bá a wàásù lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn.

Bí ikú bá sì ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan, ẹ mú ìwé yín, kí ẹ sàmì sí ọ̀sẹ̀ kẹfà, oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti àyájọ́ ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ilé máa ń kún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́rọ́rọ́ máa ń dé.

Akápò fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti owó. Nínú Ìṣe 6, nígbà tí wọ́n ń kùn pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó kan nínú ìpín ojoojúmọ́, ọkùnrin méje tí wọ́n ní orúkọ rere ni wọ́n yàn sídìí rẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà kò dá gbé ọrẹ ìjọ lọ. Ó mú àwọn mìíràn dání kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ẹ̀sùn kan òun (2 Kọ́ríńtì 8:20-21). Nítorí náà, àwọn tó ń bẹ èèyàn wò kọ́ ló gbọ́dọ̀ máa pín owó. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá tọrọ, ìdáhùn yín ni: "A máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó o, a ó sì fún yín lésì ní ọjọ́ báyìí." Ó ń gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú, ó sì ń jẹ́ kí ìbẹ̀wò yín jẹ́ ìbẹ̀wò.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín in: ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ni kó máa ka owó, méjì ni kó fọwọ́ sí i kó tó jáde, rìsíìtì ni kó máa wọlé. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ san owó náà tààrà fún ilé oògùn tàbí onílé. Ìrànlọ́wọ́ tó máa ń tẹ̀ síwájú, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ wá tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹni náà. Kí ẹ béèrè bóyá ẹbí wà tó lè gbé apá kan. 1 Tímótì 5:16 kò fi ìyẹn pa mọ́. Mo kì í fara mọ́ yíyá àwọn aláìsàn lówó. Tí wọn ò bá lè san án, wọ́n á máa sá fún yín, ẹ ó sì ti pàdánù ẹni tí ẹ ń bẹ̀ wò. Ohun tí agbára yín bá ká, ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹ má gba káàdì bánkì ẹnikẹ́ni, ẹ má mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ má sì ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún rẹ̀. Díákónì, mo fara mọ́ ìwé yín o, àmọ́ kí a má kọ orúkọ àìsàn sínú rẹ̀, kí ó sì wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìwé tó bá sọnù sínú ọkọ̀ lè dójú ti ilé 16.

Díákónì_Àgbà fèsì:

Òótọ́ ni, Akápò. Mo gbà.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Àwọn ilé 16 yìí, ẹ fún àwọn náà níṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ ṣì ní ohùn. Ẹ fún un ní orúkọ méjì lọ́sẹ̀ láti máa gbàdúrà fún, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Bí ẹ ò bá padà wá sọ, ó máa mọ̀ pé ẹ kàn ń fi iṣẹ́ dá òun lára yá ni. Ẹni tó lè lo fóònù lè gba apá kan nínú ìkíni tí ẹ̀yin ń ṣe lọ́sẹ̀ tí ẹ ò bá lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kọ̀wé, kó máa kọ káàdì fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi. Dọ́káàsì tó wà ní Jọ́pà, aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó ń fi han Pétérù (Ìṣe 9:39).

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé mẹ́jọ lóṣù àkọ́kọ́, kí àwọn mẹ́jọ yòókù tẹ̀ lé e lóṣù kejì. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.